Carl Rogers, oníṣègùn ọkàn tó yàn láti tẹ́tí dípò kó máa gbani nímọ̀ràn

Ìyá kan wà ní ìlú Rochester, ní ìpínlẹ̀ New York, tí ọmọkùnrin rẹ̀ ya ìpátá. Ó ti pẹ́ tí òun àti Carl Rogers ti ń forí korí lórí ọ̀rọ̀ ọmọ náà, níbi tí Rogers ti ń tọ́jú àwọn ọmọdé. Lójú Rogers, ibi tí wàhálà ti ṣẹ̀ kò fara sin: ìyá yìí kò fi ọkàn gba ọmọ náà láti kékeré. Ó ṣàlàyé títí, kò wọlé. Nígbà tó yá, ó ní kí àwọn jọ gbà pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá agbára àwọn. Obìnrin náà ní kò burú, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, ó sì kọrí sí ẹnu ọ̀nà.

Kò tíì jáde tó fi yíjú padà, tó béèrè bóyá wọ́n máa ń gbọ́ ti àgbàlagbà náà níbẹ̀. Rogers ní bẹ́ẹ̀ ni. Ló bá padà wá jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ ilé ọkọ rẹ̀: bí àárín òun àti baálé òun ṣe dàrú, bí ìrètí ṣe ń pin, bó ṣe ń ṣe òun bíi pé kò sí ohun tí òun dáwọ́ lé tó yọrí. Kò sí èyí tó jọ ọ́ nínú gbogbo ohun tó ti ń sọ fún Rogers tẹ́lẹ̀. Nínú ìwé On Becoming a Person, tó jáde ní 1961, Rogers sọ pé ìgbà yẹn ni ìtọ́jú gidi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó sì kẹ́sẹ járí.

Ta ni Rogers?

Ọjọ́ 8 oṣù Kínní ọdún 1902 ni wọ́n bí i ní Oak Park, nítòsí Chicago. Òun ni ìkẹrin nínú ọmọ mẹ́fà. Onígbàgbọ́ paraku ni àwọn òbí rẹ̀: ọtí, ijó àti káàdì títa, èèwọ̀ ni nílé wọn. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 12, ìdílé náà kó lọ sí oko. Níbẹ̀ ni ọmọdé yìí ti ń ka ìwé nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ìgbàlódé, tó sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń dán nǹkan wò kí wọ́n tó gbà á gbọ́.

Iṣẹ́ àgbẹ̀ náà ló kọ́kọ́ lọ kọ́ ní yunifásítì Wisconsin, kó tó di pé ó fẹ́ ṣe pásítọ̀. Ní 1922, wọ́n mú un mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ sí àpérò àwọn ọ̀dọ́ Kristẹni ní Beijing, ní Ṣáínà. Ìrìn àjò náà gbà tó oṣù mẹ́fà, ó sì tibẹ̀ dé pẹ̀lú èrò tirẹ̀ nípa ẹ̀sìn. Ó lo ọdún méjì ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà ní New York, lẹ́yìn náà ló gba Columbia lọ láti kọ́ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá. Láti 1928 sí 1940, àwọn ọmọdé tí nǹkan le fún ló ń bójú tó ní Rochester.

Báwo ló ṣe ń ṣe é?

Lásìkò náà, iṣẹ́ dókítà ni láti túmọ̀ ohun tó ń ṣe aláìsàn fún un, tàbí kó sọ ohun tó yẹ kó ṣe. Rogers ní ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ ló mọ ibi tó ti ń ta á. Nínú àpilẹ̀kọ kan ní 1957, ó sọ ohun mẹ́ta tó pọn dandan lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú: kó má ṣe àgálámàṣà, kó gba ẹni tó wá bá a tọwọ́tẹsẹ̀ láìdá a lẹ́jọ́, kó sì máa fi ojú ẹni náà wo ayé.

Ká ní ẹnì kan sọ pé láti ìgbà tí bàbá òun ti kú, òun kò lè jókòó sílé mọ́. Ẹni tó ń tẹ̀lé ọ̀nà Rogers kò ní sọ pé kó kó kúrò níbẹ̀. Ó lè ní, “Ó jọ pé ilé náà kò rí bí ilé lójú yín mọ́.” Á wá dákẹ́, á dúró.

Ẹ̀kọ́ oko kò sì kúrò lára rẹ̀. Ní yunifásítì Ohio State, ó gba ohùn àwọn ìjókòó ìtọ́jú sílẹ̀, nígbà tó sì di 1942, ó tẹ ọ̀kan sínú ìwé látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìjókòó mẹ́jọ pẹ̀lú ọkùnrin kan tó fún ní orúkọ Herbert Bryan. Kó tó dìgbà náà, ohun tí dókítà bá rántí nìkan ni aráyé ń gbọ́.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?

Kì í ṣe níbi gbogbo. Nígbà tí Rogers dán an wò ní Wisconsin lára àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ tó le, èsì rẹ̀ kò tó bó ṣe retí. Ṣùgbọ́n ní 2018, àwọn onímọ̀ kó ìwádìí 295 jọ, èyí tó kan èèyàn tó lé ní 30,000. Wọ́n rí i pé bí àárín oníṣègùn àti ẹni tó ń gba ìtọ́jú bá ṣe gún tó, bẹ́ẹ̀ ni ara ẹni náà ṣe ń yá sí, irú ìtọ́jú yòówù kó jẹ́. Àmọ́ àárín tó gún yìí kò kó ju nǹkan bíi ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú ohun tó ń mú kí èsì yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹlòmíràn.

Kọ̀ǹpútà pàápàá ti gbìyànjú ọ̀nà Rogers. Ní 1966, Joseph Weizenbaum ti MIT gbé ELIZA jáde, ètò kan tó ń fi ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá tẹ̀ ránṣẹ́ bi í ní ìbéèrè, bíi ti àwọn ọmọlẹ́yìn Rogers. Ẹnu ya Weizenbaum bí àwọn èèyàn ṣe ń tú àṣírí wọn fún un. Rogers fúnra rẹ̀ kò ka dídá ọ̀rọ̀ padà síṣẹ́. Ní 1986, ọdún tó ṣáájú ikú rẹ̀, ó kọ̀wé pé kì í ṣe pé òun ń sọ ohun tí èèyàn sọ padà fún un, òun ń wádìí lọ́wọ́ rẹ̀ ni bóyá ohun tí òun gbọ́ ni ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.