Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ìwé ìlànà Git fún aṣojú AI

Git, irinṣẹ́ tí Linus Torvalds ṣe ní ọdún 2005 fún iṣẹ́ Linux, ń tọ́jú ìtàn gbogbo àtúnṣe tó bá wọ inú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, kí ó lè ṣeé ṣe láti padà sí ti àtẹ̀yìnwá bí tuntun bá bàjẹ́. Aṣojú AI, ìyẹn ètò tó ń fúnra rẹ̀ pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà láti parí iṣẹ́ tí ènìyàn gbé lé e lọ́wọ́, náà ti ń lò ó, ṣùgbọ́n ìwé ìlànà tí wọ́n kọ fún ènìyàn nìkan kò tó o. Bí ó bá pa àṣẹ `git rebase -i`, Git yóò ṣí ojú ìkọ̀wé sílẹ̀, yóò sì máa dúró kí ènìyàn to àwọn àtúnṣe náà, ibẹ̀ sì ni aṣojú lè há sí. Èyí tó léwu jù ni `git push --force`, tó lè pa iṣẹ́ ẹlòmíràn rẹ́ ní ibi ìpamọ́ àjùmọ̀lò; nítorí náà, ó yẹ kí fáìlì AGENTS.md, tí ọ̀pọ̀ aṣojú máa ń kà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, sọ ọ́ ní kedere pé wọn kò gbọdọ̀ lò ó láìgba àṣẹ.