Kí Ni Ojú Fẹ́ Rí? Yíyan Irú Fídíò fún Ẹ̀kọ́ Yunifásítì Orí Íntánẹ́ẹ̀tì ní Ṣómólú àti Bàrígà

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n ó wà lára ohun tí ń pinnu bóyá ọmọ tálákà yóò ka ìwé dópin tàbí yóò fi í sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Nígbà tí olùkọ́ yunifásítì bá fẹ́ fi fídíò kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí kò sí níwájú rẹ̀, irú fídíò wo ni ó yẹ kí ó ṣe?

1. Ìfáárà

Àṣìṣe ti ara mi ni n ó fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2021, nígbà tí àrùn kòrónà ṣì ń jà, mo gbé fóònù kalẹ̀ síwájú pátákó. Mo wọ agbádá, mo dúró bí mo ti máa ń dúró ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, mo sì sọ̀rọ̀ fún odindi wákàtí kan lórí ohùn nínú èdè Yorùbá. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo bi ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gbé ní Bàrígà léèrè bí ó ti rí i. Ó ní, “Ẹ má bínú, sà. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni mo wò. Ibẹ̀ ni dátà mi ti tán. Mi ò sì rí ohun tí ẹ kọ sójú pátákó kà.”

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Ohùn ni mo ń kọ́ wọn, etí ni a sì fi ń gbọ́ ohùn. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kò sí lára agbádá mi. Síbẹ̀ agbádá náà ni ọmọ yìí fi owó rẹ̀ rà. Ohun kan ṣoṣo tí ojú rẹ̀ nílò, èyíinì ni àmì orí ọ̀rọ̀, ni kò rí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé ìbéèrè kan wà tí ó gbọ́dọ̀ ṣáájú gbogbo ìbéèrè nípa fídíò: nínú ẹ̀kọ́ yìí, kí ni ojú fẹ́ rí?

2. Bí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀kọ́ ọ̀nà-jíjìn kì í ṣe àjèjì ní àdúgbò wa. Yunifásítì Èkó tí ó wà ní Akọ́kà, nítòsí Bàrígà, ti dá ẹ̀ka tí ń fi ìwé kọ́ni láti òkèèrè sílẹ̀ láti àárín àwọn ọdún 1970. Ẹ̀ka náà ni ó di Distance Learning Institute òde òní. Ìjọba àpapọ̀ dá National Open University sílẹ̀ ní 1983, wọ́n tì í pa ní 1984, wọ́n sì tún un ṣí ní 2002. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Open University gba ìwé àṣẹ ní 1969, ó gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1971, BBC sì ń fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ hàn lórí amóhùn-máwòrán títí di 2006.

Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ kan. Ẹni tí ó jókòó síwájú amóhùn-máwòrán kò san owó lórí ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tí olùkọ́ fi sọ̀rọ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ń gbé ètò jáde ni ó ru ẹrù náà. Lórí fóònù, akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń rù ú. Gbogbo ìṣẹ́jú tí a bá fi ṣòfò, àpò rẹ̀ ni a ti yọ ọ́.

3. Oríṣi fídíò

Oríṣi márùn-ún ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ inú yàrá tí a ká sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti rí, irú èyí tí mo ṣe. Èkejì ni ojú olùkọ́ láti àyà dé orí. Ẹ̀kẹta ni ojú ìwé tí a ti tẹ ọ̀rọ̀ àti àwòrán sí, tí a ń gbọ́ ohùn olùkọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni ọwọ́ tí ń kọ̀wé bí ẹnu ti ń ṣàlàyé. Salman Khan, ará Amẹ́ríkà, ni ó sọ irú èyí di olókìkí láti 2006, lẹ́yìn tí ó ti fi íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ ìbátan rẹ̀ ní ìṣirò. Ìkarùn-ún ni àfihàn iṣẹ́, níbi tí a ti ń rí ohun tí a ń ṣe gan-an.

Ní 2014, Philip Guo, Juho Kim àti Rob Rubin yẹ ìwòran tí ó tó mílíọ̀nù 6.9 wò lórí ìkànnì edX. Wọ́n rí i pé fídíò kúkúrú ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dúró tì jù, pàápàá èyí tí kò ju ìṣẹ́jú 6 lọ. Ọwọ́ tí ń kọ̀wé fà wọ́n mọ́ra ju ojú ìwé aláìlẹ́mìí lọ. Olùkọ́ tí ó jókòó sí ìdí tábìlì rẹ̀, tí ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá èèyàn kan sọ̀rọ̀, sì lè borí fídíò tí a fi owó ńlá ṣe ní sítúdíò. Ṣùgbọ́n kí a má ṣi èyí gbọ́: pípẹ́ níwájú fídíò kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ìmọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Richard Mayer ti Yunifásítì California ti fi hàn pé, bí àwòrán àti àlàyé ẹnu bá ti wà, kíkọ ọ̀rọ̀ kan náà sójú fídíò ń dí akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ju bí ó ti ń ràn án lọ́wọ́ lọ.

4. Iye tí fídíò ń ná akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Fídíò tí ń jẹ kílóbáìtì 125 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan yóò jẹ mẹ́gábáìtì 450 ní wákàtí kan. Ohùn lásán tí ń jẹ kílóbáìtì 8 kò ní ju nǹkan bí mẹ́gábáìtì 29 lọ. Owó wákàtí kan tí a fi wo fídíò tó láti gbọ́ ohùn fún wákàtí 15. Ní oṣù Kínní ọdún 2025, àjọ NCC gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fi tó ìdá 50 nínú 100 kún owó tí wọ́n ń gbà. Láti ìgbà tí ìjọba sì ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù Karùn-ún 2023, ẹni tí ó ń fi jẹnerétọ̀ gba iná sí fóònù mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí.

Síbẹ̀ gbogbo fídíò kọ́ ni ó wọ́n bákan náà. Ẹ̀rọ tí ń fún àwòrán pọ̀ kì í tún ibi tí kò yí padà fi ránṣẹ́; ibi tí nǹkan ti ń mì ni ó ń náwó lé. Nítorí náà bébà funfun tí ọwọ́ kan ń kọ̀wé sí kò wọ́n tó olùkọ́ tí ń rìn sọ́tùn-ún sósì nínú agbádá.

5. Bí a ṣe lè yàn

Ṣómólú ni ìlú àwọn atẹ̀wé, ẹ̀kọ́ sì wà níbẹ̀ fún wa. Bí ẹ bá wọ ilé ìtẹ̀wé kan, ẹ wo ibi tí ọmọṣẹ́ dúró sí. Kì í dúró kí ó máa wo ọ̀gá rẹ̀ lójú. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ó ń dúró sí, tí ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Bí ó bá dojú kọ ọ̀gá, ọ̀tún yóò di òsì mọ́ ọn lójú. Ibi tí ọmọṣẹ́ ń dúró sí ni ó yẹ kí a gbé kámẹ́rà sí nígbà tí a bá ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọwọ́, ìṣirò, tàbí fífi àmì sórí ọ̀rọ̀.

Ní Bàrígà, níbi tí Segun Adefila àti ẹgbẹ́ Crown Troupe of Africa ti ń ṣeré, ẹ̀kọ́ mìíràn wà. Ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ijó gbọ́dọ̀ rí ẹsẹ̀, ìbàdí àti èjìká lẹ́ẹ̀kan náà. Níbẹ̀, fídíò tó owó tí ó ń ná ni, nítorí kò sí àlàyé tí ó lè rọ́pò ara tí ń jó. Ṣùgbọ́n ìtàn lítíréṣọ̀, àríyànjiyàn àti àlàyé oríkì kò bèèrè ju ohùn àti ìwé lọ.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan yóò sọ pé, “Ojú lọ̀rọ̀ wà.” Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹni méjì tí ń wo ara wọn ni òwe náà ń bá wí. Nínú fídíò, akẹ́kọ̀ọ́ rí ojú olùkọ́, olùkọ́ kò rí ti akẹ́kọ̀ọ́, kò sì lè mọ̀ bí ọ̀rọ̀ bá rú u lójú. Nítorí náà mo fi ojú sí ibi tí ó ti wúlò: fídíò ìṣẹ́jú méjì ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, kí wọ́n lè mọ ẹni tí ń kọ́ wọn, àti òmíràn nígbà tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀ tí ọkàn wọn kò balẹ̀.

6. Ìkádìí

Mo pa fídíò wákàtí kan yẹn rẹ́. Mo fi ohùn ìṣẹ́jú 20 rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú fídíò ìṣẹ́jú márùn-ún tí ọwọ́ mi nìkan ti ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀, àti ojú ewé kan tí a tẹ̀ ní Ṣómólú. Ẹni tí ó lówó kò pàdánù ohunkóhun. Ẹni tí kò ní sì rí ẹ̀kọ́ gbà. Akẹ́kọ̀ọ́ Bàrígà yẹn gbọ́ ọ dópin, ó sì kọ ìbéèrè mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi. Ìbéèrè mẹ́ta yẹn ni mo fi mọ̀ pé ẹ̀kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, kí a tó tan kámẹ́rà, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè ohun tí ojú fẹ́ rí. Bí kò bá sí, kí a fi ohùn ránṣẹ́. Bí ó bá wà, òun nìkan ni kí a fi hàn, kí a sì dákẹ́.