Ọjọ́ kan, iye méjì: ìgbà wo ni gíráàfù jẹ́ fọ́ńṣọ̀n?

Ní agbègbè Ìmẹ̀kọ-Àfọ̀n, tó bá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ pààlà, séfà kì í ṣe àjèjì owó. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdánwò WAEC lè fi séfà àti náírà yanjú ìbéèrè kan tó máa ń da ọ̀pọ̀ láàmú: gíráàfù tí wọ́n yà yìí, ṣé fọ́ńṣọ̀n ni?

Òfin rẹ̀ kò le. Lọ́dún 1837, Dirichlet, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, là á mọ́lẹ̀ pé x kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní y kan ṣoṣo. Gbé rúlà dúró ṣánṣán lórí gíráàfù, kí o máa tì í láti òsì lọ sọ́tùn-ún. Bó bá kan ìlà gíráàfù náà níbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe fọ́ńṣọ̀n. Wo òbìrípo x² + y² = 25: bí rúlà bá dé x = 3, y jẹ́ 4, ó tún jẹ́ −4. Ó ti já kulẹ̀.

Ti séfà rọrùn. Láti 1999 ni wọ́n ti so ó mọ́ yúrò, 655.957 séfà sí yúrò kan. Bí a bá fi ọjọ́ sí ìsàlẹ̀ gíráàfù, tí a sì fi iye yìí sí ẹ̀gbẹ́, ìlà gbọọrọ tó nà sí ìbú ni, rúlà kò lè rí ẹ̀sùn kankan kà sí i lọ́rùn.

Náírà ni ọ̀rọ̀ wà lára rẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan wà ní nǹkan bí 460 náírà lọ́dọ̀ ìjọba, ó sì ju 700 lọ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ owó lójú pópó. Fi iye méjèèjì sórí irú gíráàfù kan náà: ọjọ́ kan, àmì méjì, kì í ṣe fọ́ńṣọ̀n nìyẹn. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà ni báńkì àpapọ̀, CBN, pa àwọn ojú ọjà owó òkèèrè tirẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan.

Ibi tí àwọn ọmọ ti máa ń ṣìnà nìyí o: bí iye kan náà bá wà fún ogún ọjọ́, kò sí láburú. Ọ̀pọ̀ x lè pín y kan. X kan ni kò gbọdọ̀ ní y méjì.

Ẹ jẹ́ ká padà sí náírà: bí o bá ya iye kan ṣoṣo tí ìjọba kéde fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ lórí ìwé tirẹ̀, fọ́ńṣọ̀n ni. Ìbéèrè tí a bi gíráàfù ló ń dá a lẹ́jọ́. Ti ojú pópó ló ṣòro, torí iye tí wọ́n fi ń ra dọ́là kọ́ ni wọ́n fi ń tà á, ti àárọ̀ sì lè yàtọ̀ sí ti ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kó di fọ́ńṣọ̀n gbọ́dọ̀ sọ bóyá rírà ni tàbí títà, kó sì dárúkọ wákàtí.