Bí Íntánẹ́ẹ̀tì Ilé Yín Bá Ń Ṣe Ségesège: Ẹ Wá Ibi Tí Àrùn Wà Kí Ẹ Tó Ra Oògùn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ẹ̀yin ìyàwó ilé sọ ní oṣù yìí mu gan-an ni. Íntánẹ́ẹ̀tì ti kúrò ní ohun afẹ́ nínú ọ̀pọ̀ ilé ní ìlú Ọ̀yọ́ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti di ohun èlò ilé bí odó àti ọlọ. Lórí rẹ̀ ni ẹ ti ń fi àwòrán igbá fínfín tàbí aṣọ òfì han oníbàárà tí ó wà ní Èkó. Lórí rẹ̀ ni ẹ ti ń mọ̀ bóyá owó láfún tí ẹ kó ránṣẹ́ ti wọlé. Lórí rẹ̀ ni ọmọ yín ti ń múra ìdánwò JAMB sílẹ̀, òun náà ni baba ọmọ tí iṣẹ́ gbé lọ sí ìlú òkèèrè fi ń rí ojú ìkókó tí ó fi sílẹ̀.

Nítorí náà, bí íntánẹ́ẹ̀tì bá wá bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ségesège, tí ó ń wá, tí ó ń lọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré mọ́. Owó dátà ń ṣòfò, oníbàárà ń lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ìjà sì ń bẹ̀rẹ̀ nínú ilé. Ìyàwó yóò ní ọmọ ni ó fi eré orí fóònù jẹ dátà tán. Ọkọ yóò ní ìyàwó kò mọ owó ṣọ́ ná. Ẹlòmíràn a tún gba ọjà lọ láti ra ráútà tuntun, nígbà tí ó jẹ́ pé ibi tí ó gbé ti àtijọ́ sí ni kò dára. Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin abiyamọ. Àrùn yìí ní ibi tí ó máa ń fara pamọ́ sí, ẹ sì lè fi ọwọ́ ara yín wá a rí.

ỌNÀ TÍ Ó GBÀ WỌLÉ

Ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tí íntánẹ́ẹ̀tì gbà dé ọ̀dọ̀ yín. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ń gba inú wáyà bàbà ti tẹlifóònù wọ ilé. DSL ni wọ́n ń pe irú èyí. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa tí wọ́n ń gbé ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù mọ̀ ọ́n dáadáa: bí ilé bá ṣe jìnnà sí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù tó ni agbára rẹ̀ ṣe ń dín kù tó. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, wáyà NITEL, ilé-iṣẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1985, kò dé ilé púpọ̀. Nígbà tí fóònù alágbèéká GSM dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, àwọn ènìyàn yà sí i, NITEL sì kógbá sílé níkẹyìn.

Ìdí nìyí tí íntánẹ́ẹ̀tì ilé wa fi ń gba ojú òfurufú wọlé. Láti òkè òkun, ó ń gba inú okùn tí a tẹ́ sí ìsàlẹ̀ òkun dé Èkó. Láti Èkó, ó ń gba inú okùn fáíbà tí a rì mọ́lẹ̀ lẹ́bàá títì gòkè wá. Okùn yìí tàbí ìgbì rédíò ni ó ń gbé e dé òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tí ó wà ní àdúgbò yín. Òpó yìí ni ó ń jù ú sínú ráútà tàbí fóònù yín. Ráútà náà yóò wá fi Wi-Fi pín in fún gbogbo ará ilé. Ẹ rí i pé ìrìn àjò náà pín sí ọ̀nà púpọ̀. Bí ọ̀nà kan bá dí nínú wọn, ohun kan náà ni ojú yín yóò rí: fóònù yóò máa yí róbótó, kò sì ní ṣí ohunkóhun.

ÌBÉÈRÈ MẸ́TA TÍ Ẹ GBỌ́DỌ̀ KỌ́KỌ́ BÈÈRÈ

Ìkíní: ṣé fóònù kan ṣoṣo ni tàbí gbogbo wọn? Bí fóònù ìyá bá kọ̀ tí ti baba ń ṣiṣẹ́ dáadáa, a jẹ́ pé fóònù ìyá ni ara rẹ̀ kò yá. Ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn. Bí kò bá gbọ́, ẹ yọ orúkọ Wi-Fi náà kúrò lórí rẹ̀, kí ẹ sì tún tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà sí i ní àkọ̀tun. Ṣùgbọ́n bí gbogbo fóònù inú ilé bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fi fóònù sílẹ̀, kí ẹ tẹ̀ síwájú.

Ìkejì: ṣé dátà ṣì wà? Láti 2023 ni àjọ NCC, tí ó ń ṣàkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ti sọ àwọn nọ́ńbà yìí di ọ̀kan náà fún gbogbo nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Ẹ tẹ *323# láti mọ iye dátà tí ó kù. Bí inú ráútà ni síìmù náà wà, ẹ lè yọ ọ́ sínú fóònù láti wò ó. Ẹ wo ọjọ́ tí dátà náà yóò parí pẹ̀lú, nítorí ọjọ́ lè pé kí dátà tó tán. Bí ó bá ń tán ju bí ó ti yẹ lọ, ẹ má tíì na ọmọ. Ẹ wo inú WhatsApp bóyá ó ń gba gbogbo fídíò tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ránṣẹ́ wọlé fúnra rẹ̀. Ẹ lè pàṣẹ fún un kí ó dẹ́kun. Ẹ wò ó bóyá fóònù ń tún ara rẹ̀ ṣe ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ sì bi ara yín pé ta ni ó tún mọ ọ̀rọ̀ aṣínà Wi-Fi yín. Bí aládùúgbò bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ ti ń fi owó yín ra dátà fún agbo ilé nìyẹn. Ẹ yí i padà.

Ìkẹta: ṣé Wi-Fi inú ilé ni ó ń dùn yín ni, tàbí ohun tí ó ń ti ìta wá? Ẹ gbé fóònù, kí ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ráútà. Bí ó bá yá níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí ó kú ní yàrá, ògiri ni ó ń dí i lọ́wọ́. Bí kò bá yá ní ẹ̀gbẹ́ ráútà gan-an, ọ̀rọ̀ náà wà láàárín ráútà àti òpó. Ẹ yá fóònù ẹni tí ó ń lo nẹ́tíwọ̀ọ̀kì mìíràn, kí ẹ wò ó ní ibi kan náà. Bí tirẹ̀ bá ń sáré, ẹ ti mọ̀ pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tiyín ni kò lágbára ní àdúgbò náà.

IBI TÍ Ẹ GBÉ RÁÚTÀ SÍ

Ọ̀pọ̀ agbo ilé wa ní Ọ̀yọ́ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó jẹ́ ilé alámọ̀ tí ògiri rẹ̀ nípọn, páànù sì ni ó bo orí wọn. Ilé wọ̀nyí tutù, wọ́n sì tu ara lára, ṣùgbọ́n ògiri tí ó nípọn àti páànù a máa dín ìgbì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kù. Ẹ má ṣe gbé ráútà sí ẹ̀yìn tẹlifísàn, tàbí sórí fíríìjì, tàbí sínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin. Ẹ gbé e sí ibi gíga, lẹ́bàá fèrèsé tí ó kọjú sí apá ibi tí òpó wà. Kí oòrùn má ṣe pa á ní tààrà, nítorí bí ó bá gbóná jù, yóò máa kú, yóò sì máa jí.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ó dára jù lọ, ẹ wo ìdí ráútà náà. Ẹ óò rí nọ́ńbà kan níbẹ̀, bí irú 192.168.8.1 tàbí 192.168.0.1. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ibi tí a ti ń wá nǹkan lórí fóònù tí ó ń lo Wi-Fi náà, kí ẹ sì wá ohun tí wọ́n kọ RSRP sí. Bí ó bá wà ní nǹkan bí -80 sí -90, ara rẹ̀ le. Bí ó bá ti di -110 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé ráútà láti fèrèsé kan dé èkejì, kí ẹ máa wo bí nọ́ńbà náà ṣe ń yí.

Ọ̀pọ̀ ráútà ní oríṣi Wi-Fi méjì. Èyí tí wọ́n kọ 5 GHz sí yá púpọ̀, ṣùgbọ́n kò lè la ògiri kọjá bí 2.4 GHz. Ẹni tí ó wà ní pálọ̀ lẹ́bàá ráútà kí ó lo 5. Ẹni tí ó wà ní yàrá ẹ̀yìn kí ó lo 2.4.

Ọ̀RỌ̀ INÁ

Bí NEPA bá mú iná lọ, ráútà tí kò ní bátìrì yóò kú. Èyí tí kò hàn sí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé iná tí kò tó náà a máa mú kí ráútà máa kú kí ó sì máa jí, a ó sì rò pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni. Ẹ wo ohun tí ẹ fi ń gbé iná sí i. Bí wọ́n bá kọ 12V sí ìdí ráútà, 12V ni ó gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀ pẹ̀lú. Kì í ṣe gbogbo èyí tí ẹnu rẹ̀ bá wọlé ni ó bá a mu.

Bí ó bá jẹ́ ìgbà òjò ni wàhálà ń dé, ẹ mọ̀ pé òjò fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dí 4G lọ́wọ́. Iná tí ń lọ nígbà òjò ni ó sábà máa ń fà á, ní ilé àti ní ìdí òpó. Ti Starlink, tí ó ń gba ojú ọ̀run wá, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 2023, yàtọ̀: òjò ńlá lè dí òun lọ́wọ́.

Ẹ MÚ ÌWÉ ÀTI BÍRÒ

Fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti rí ní ìdájí, ní ọ̀sán àti ní alẹ́. Ẹ kọ aago, ẹ kọ ibi tí ẹ dúró sí, ẹ kọ bóyá iná wà. Nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Bí ọbẹ̀ kò bá dùn, tí ẹ da iyọ̀, irú àti ata sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kò ní mọ èwo ni ó kù díẹ̀ káàtó tẹ́lẹ̀.

Bí ìwé yín bá fi hàn pé ó ń sáré ní aago márùn-ún ìdájí, tí ó sì ń wọ́ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, kò sí ohun tí ó ṣe ráútà yín. Èrò ni ó pọ̀ lórí òpó, bí èrò ti ń pọ̀ ní Akẹ̀sán lọ́jọ́ ọjà. Ráútà tuntun kò lè tú èrò ká. Ìdájí ni kí ẹ máa gba ẹ̀kọ́ ọmọ àti fídíò wọlé sílẹ̀.

BÍ ÀṢÌṢE BÁ TI ÌTA WÁ

Nígbà mìíràn, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe nínú ilé. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn mélòó kan tí ó wà ní ìsàlẹ̀ òkun já ní etíkun ilẹ̀ Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì di ohun ọ̀wọ́n ní Nàìjíríà àti ní àwọn ilẹ̀ mìíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, títí kan iṣẹ́ báńkì. Ẹni tí ó na ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà nítorí dátà jẹ ẹ́ ní gbèsè. Nílé níbí pẹ̀lú, àwọn tí ń la títì a máa fi kátákátá gé okùn fáíbà. Ní 2024 ni ìjọba àpapọ̀ gbé àṣẹ kan jáde láti dáàbò bo irú ohun èlò wọ̀nyí.

Bí gbogbo àdúgbò bá ń ráhùn, ẹ pe 300, kí ẹ bá ilé-iṣẹ́ tí ó ni síìmù yín sọ̀rọ̀. Ẹ ka ohun tí ẹ kọ sínú ìwé fún wọn: ọjọ́, aago, àdúgbò. Ẹ má ṣe bú wọn. Ẹjọ́ tí a fi ọjọ́ àti aago rò ni ó ń lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́ yín lọ́wọ́ wọn. Bí wọn kò bá yanjú rẹ̀, ẹ pe NCC lórí 622, ọ̀fẹ́ ni. NCC ti pa á láṣẹ pé bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá dákú lọ́nà tí ó lágbára ju wákàtí 24 lọ, kí ilé-iṣẹ́ san ẹ̀tọ́ fún oníbàárà, irú bíi kí wọ́n fi ọjọ́ kún ọjọ́ dátà rẹ̀.

Ẹ má ṣe gbé gbogbo ẹyin yín sínú agbọ̀n kan. Ẹ ní síìmù nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kejì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ dátà kékeré ni ó wà lórí rẹ̀, kí oníbàárà má bàa ṣe àwátì yín. Ẹ má ṣe fi ohun tí ó ní ọjọ́ ìparí, bí owó ìdánwò tàbí fọ́ọ̀mù ilé-ìwé, dúró di ọjọ́ tí yóò parí.

Ní ìparí, ẹ fi ìwé tí ẹ kọ han baba ọmọ ní alẹ́, nígbà tí ara bá ti tù ú. Bí ẹni méjì bá rí i pé ògiri ni, tàbí iná ni, tàbí èrò orí òpó ni, owó ráútà tuntun yóò kù sápò, ọmọ yóò sì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.