Púlì Tí Ń Ké Lówùúrọ̀: Iṣẹ́ Ẹ̀yìnkùlé fún Àwọn Ọlọ́kọ̀ ní Wari

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ní Ẹ̀fúrùn àti ní àwọn àdúgbò Wari, ariwo ọkọ̀ tí wọ́n ń ṣáná sí ti ń jí àwọn ènìyàn. Nínú ariwo náà, ohùn kan wà tí etí tètè ń dá mọ̀, tí ń han gooro lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹni ń fi irin ha àwo. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná díẹ̀, ohùn náà a rọlẹ̀, ẹni tí ó ni ọkọ̀ a sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ Yorùbá tí ń bẹ ní ìlú náà ni ó ti fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe oṣù mẹ́ta, mẹ́rin, tí wọ́n rò pé ọkọ̀ ti wo ara rẹ̀ sàn.

Kò sàn rárá. Bíárìn inú púlì ni ó ń ké. Òrùka irin méjì ni bíárìn, ọ̀kan nínú èkejì, tí àwọn ọmọ irin róbótó ń yí láàárín wọn nínú gíríìsì. Níwọ̀n ìgbà tí gíríìsì bá wà níbẹ̀, púlì a máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí ó bá gbẹ, tàbí tí omi fọ̀ ọ́ lọ, irin a bẹ̀rẹ̀ sí jẹ irin.

Ohun kékeré yìí ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1907, ọ̀gbẹ́ni Sven Wingquist, ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìhunṣọ kan ní Gothenburg ní ilẹ̀ Sweden, ṣe irú bíárìn kan tí ó lè gba yíyẹ̀ ọ̀pá ẹ̀rọ mọ́ra. Ilẹ̀ amọ̀ ni ilé-iṣẹ́ náà wà, ilẹ̀ ń rì, ọ̀pá ń yẹ̀, bíárìn àtijọ́ sì ń bàjẹ́ léraléra. Láti ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ SKF ti ṣẹ̀. Ẹni tí ó bá ti kọ́ ilé sí ilẹ̀ àbàtà Wari yóò mọ ohun tí ojú ọ̀gbẹ́ni náà rí.

Òjò Wari kò mọ níwọ̀n. Ó lè rọ̀ láti oṣù kẹta títí di oṣù kọkànlá, ọkọ̀ a sì máa la adágún kọjá ní òpópónà. Omi ẹlẹ́rẹ̀ tí ń ta sókè lábẹ́ ẹ́ńjìnnì ni ọ̀tá bíárìn. Bákan náà, púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tí a ń gùn níbẹ̀ ni wọ́n ti lò pẹ́ ní òkè òkun kí wọ́n tó kó wọn wá. Urhobo, Ìjọ, Itsekiri, Ìgbò, gbogbo wọn ni ó ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní tòkunbọ̀, láìrántí pé orúkọ ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀ tí ó sì padà wálé ni.

Ní ayé Peugeot 504, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tò ní Kaduna ní 1975, bẹ́líìtì tẹ́ẹ́rẹ́ ni ń yí ẹ̀rọ omi àti ẹ̀rọ iná. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, bẹ́líìtì gígùn kan ṣoṣo ni ń yí ẹ̀rọ omi, ẹ̀rọ iná, ẹ̀rọ amúlétutù, àti nígbà mìíràn èyí tí ń mú kí ọwọ́ ọkọ̀ rọ̀. Púlì kan tàbí méjì ni ó ń fà á le. Bí bíárìn inú wọn bá há, bẹ́líìtì a jóná tàbí kí ó fò sílẹ̀, omi kò ní í yí mọ́, ẹ́ńjìnnì a sì hó. Láti Wari dé Èkó tó nǹkan bí 400 kìlómítà, igbó sì pọ̀ láàárín Benin àti Òrè. Ẹni tí ó kó ìyàwó àti ọmọ sínú ọkọ̀ láti lọ ṣọdún nílé kò ní fẹ́ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí òun níbẹ̀ ní òru.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le. Bí ọkọ̀ bá ń ké, kí á wọ́n omi díẹ̀ sí bẹ́líìtì láti òkèèrè. Bí igbe bá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, bẹ́líìtì ni ó ní ẹjọ́. Bí kò bá yí padà, bíárìn ni kí á fura sí. Lẹ́yìn èyí, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kí ó tutù, ẹ sì tú okùn bátìrì tí ó ní àmì ìyọkúrò. Ẹ ya ọ̀nà tí bẹ́líìtì gbà sórí pépà kí ẹ tó yọ ọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ni ó ti yọ ọ́ ní ìṣẹ́jú kan tí ó sì fi odindi ọ̀sán wá bí ó ti yẹ kí ó padà. Ẹ fi sípánà tó bá a mu fa púlì adẹ́bẹ́líìtì sẹ́yìn (19 ni lórí àwọn Toyota kan), bẹ́líìtì a dẹ̀. Ẹ wá fi ọwọ́ yí àwọn púlì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó bá dún bí yanrìn, tàbí tí ó ń mì sọ́tùn-ún sósì, ni aláìsàn.

Nígbà tí ẹ bá ń tú púlì náà, ẹ má ṣe fi agbára mú ìdè rẹ̀, nítorí àwọn kan wà tí òdìkejì ni wọ́n ń tú sí. Bí púlì bá jẹ́ oníke tí wọ́n dà mọ́ bíárìn lára, odindi rẹ̀ ni kí ẹ rà. Bí ó bá jẹ́ onírin, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ bíárìn fún nọ́ńbà. Bí àpẹẹrẹ, 6203 túmọ̀ sí pé ihò rẹ̀ jẹ́ mílímítà 17, fífẹ̀ rẹ̀ 40, sísanra rẹ̀ 12. Bí 2RS bá tẹ̀lé e, rọ́bà ni ó bo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ ZZ, páànù ni. Fún òjò Wari, rọ́bà ni ó dára jù.

Níhìn-ín ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́. Ẹ yọ òrùka ìdádúró, bí ó bá wà, ẹ sì fi fáìsì tì bíárìn àtijọ́ jáde. Ẹ gbé tuntun náà sínú fíríìsà fún wákàtí kan, ẹ fi omi gbígbóná mú púlì gbóná, kí ẹ sì nù ún gbẹ. Òrùka òde nìkan ni kí ẹ tì wọlé. Bí ẹ bá ti ti inú, àwọn ọmọ irin a tẹ ojú ọ̀nà wọn ní kòtò, ariwo yóò sì padà láìpẹ́. Ayédèrú wà lọ́jà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ bíárìn tí a pè ní ayédèrú, òòlù mẹkáníìkì ni ó pa á.

Nígbà tí bẹ́líìtì bá padà sí ipò, ẹ rí i pé gbogbo ilà rẹ̀ bọ́ sínú ilà púlì. Ẹ ká apá dàńṣíkí kí ẹ tó ṣáná. Púlì tí ó wà pẹ̀lú bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì, èyí tí ideri bò, kì í ṣe ti ẹ̀yìnkùlé. Ìyẹn, mẹkáníìkì ni kí ẹ gbé e fún. Bẹ́líìtì àtijọ́ tí kò tíì là, ẹ ká a sínú búùtù títí tí ẹ ó fi dé Òrè.