Omi Ìdọ̀tí, Ṣáláńgá àti Kànga: Ọ̀ràn Ìlú Ṣàrẹ́

Ní Wupa, ní Àbújá, wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ kan tí ó lè sọ omi ìdọ̀tí tó 131,250 mítà onígun mẹ́ta di mímọ́ lóòjọ́. Páìpù abẹ́ ilẹ̀ ni ó ń kó omi náà wá láti inú ilé. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ pàǹtí àti yanrìn kúrò; lẹ́yìn náà, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀, kí àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń jẹ ẹ̀gbin lè ṣiṣẹ́. Bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bá ti silẹ̀, omi tó tòrò yóò ṣàn lọ sínú odò.

Ní Ṣàrẹ́, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ṣáláńgá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbójú lé, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní púpọ̀ nínú àwọn ìlú wa. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ Wupa níbẹ̀: iyẹ̀pẹ̀ á máa sẹ́ omi náà díẹ̀díẹ̀, kòkòrò àrùn á sì máa kú lójú ọ̀nà. Nítorí náà ni ìlànà Sphere, tí àwọn aṣèrànwọ́ káàkiri àgbáyé ń lò, fi ní kí ṣáláńgá jìnnà sí kànga tó mítà 30, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì fi mítà 1.5 ga ju omi abẹ́ ilẹ̀ lọ.

Èyí kejì ni ó ṣòro jù. Ihò tí a gbẹ́ lọ́gbẹlẹ̀, nígbà tí omi kànga ti fà, omi lè gòkè bá a nígbà òjò. Ṣáláńgá jíjìn, tí onílé fi ń yangàn, ni ó sì tètè ń kó sí ewu yìí. Ọ̀ràn agboolé tún wà níbẹ̀: ẹni tí ó wọn mítà 30 sí kànga tirẹ̀ lè má tó mítà 10 sí ti aládùúgbò.