Òfin kékeré tí kì í jẹ́ kí ìkànnì wúwo

Ẹni tó fẹ́ ra kóńgò gàrí kan ní Mọ́níyà kò ní gbé odindi àpò wálé. Ohun tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ kóòdù sábà máa ń ṣe nìyẹn o. Irinṣẹ́ kan péré ni wọ́n nílò nínú lodash, àkójọ kóòdù ọ̀fẹ́ fún JavaScript, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ wọlé. Ìkànnì á wúwo, dátà àgbẹ̀ tó ń ṣí i lórí fóònù ní Lálúpọn ló máa jẹ.

Linter ló ń ṣọ́ irú èyí. ESLint, tí Nicholas Zakas dá sílẹ̀ ní 2013, máa ń tú kóòdù sí igi ẹlẹ́ka. Ẹ̀ka tó ń jẹ́ ImportDeclaration ni kí òfin yín dúró dè. Tí ibi tí ẹrù ti wá bá jẹ́ 'lodash' lásán, kó fi context.report pariwo, tó bá jẹ́ 'lodash/debounce', kó jẹ́ kó kọjá. Ẹ jẹ́ kí ìkìlọ̀ náà sọ ohun tí èèyàn máa kọ dípò rẹ̀, torí "kò dáa" nìkan kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ká sòótọ́, ESLint ti ní no-restricted-imports tó lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ gbìyànjú ìyẹn ná kí ẹ tó jókòó kọ tiyín.